Irin Inú Ilẹ̀ àti Oògùn Tí Kò Ràn Mọ́

Kí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó dé ọjà Lafẹ́nwá tàbí Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta, ìgbẹ́ adìẹ ti sábà máa ń wọ ilẹ̀ ṣáájú irúgbìn rẹ̀. Àpò ni wọ́n fi ń kó o wá láti oko adìẹ. Wọn a tú u sórí ebè, tòun ti ìyẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn àti lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ adìẹ. Ajílẹ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan tún wà nínú àpò náà tí ojú kò rí: bakitéríà láti inú ìfun adìẹ, àti irin méjì, síǹkì òun bàbà, láti inú oúnjẹ tí wọ́n jẹ.

Ńṣe ni wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ po síǹkì àti bàbà mọ́ oúnjẹ adìẹ, torí ara adìẹ nílò wọn. Díẹ̀ lara ń gbà. Èyí tó pọ̀ jù a bá ìgbẹ́ jáde. Bí wọ́n bá ń dà á sójú ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún, irin a máa gorí irin. Ọ̀pọ̀ oògùn tí adìẹ mu máa ń jẹrà nínú ilẹ̀ bó pẹ́ bó yá. Irin kì í jẹrà.

Báwo lèyí ṣe wá kan ampicillin tàbí tetracycline tí dókítà kọ fún aláìsàn? Bakitéríà tó bá máa yè nínú ilẹ̀ tí irin ti pọ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun tó fi ń gba ara rẹ̀ là. Àwọn kan ní pọ́ǹpù tíntìntín lára tí wọ́n fi ń tú májèlé síta, irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ sì lè tú oògùn náà síta. Èyí tó tún le jùyẹn ni pé jíìnì tó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ irin àti èyí tó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ oògùn lè wà lórí òrùka DNA kan ṣoṣo. Bakitéríà kan lè ṣe ẹ̀dà òrùka yìí fún òmíràn, kódà fún èyí tí kì í ṣe irú tirẹ̀. Bàbà inú ilẹ̀ nìkan lè mú kí òrùka náà wà níbẹ̀ títí, bí ẹnikẹ́ni kò tiẹ̀ da oògùn síbẹ̀.

Wọ́n ti rí irú rẹ̀ ní Denmark. Ní 1995, wọ́n fòfin de avoparcin níbẹ̀, oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, torí ó ń jẹ́ kí bakitéríà Enterococcus kọ etí dídi sí vancomycin, oògùn tí ilé ìwòsàn ń fi pamọ́ de ọjọ́ tí àwọn yòókù kò bá ràn. Lára adìẹ, bakitéríà alágídí yìí dínkù kíákíá. Lára ẹlẹ́dẹ̀, kò lọ bọ̀rọ̀. Oògùn mìíràn, tylosin, tí wọ́n ṣì ń fún ẹlẹ́dẹ̀ nígbà náà wà lára ohun tó fà á. Ní 2002, Henrik Hasman àti Frank Aarestrup fi hàn pé jíìnì tó ń jẹ́ kí bakitéríà náà fara da bàbà, tí wọ́n pè ní tcrB, wà pọ̀ mọ́ àwọn jíìnì tó ń jẹ́ kó fara da oògùn. Bàbà sì rèé nínú oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀! Ní ti síǹkì, láti oṣù Kẹfà 2022, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gba kí wọ́n fi síǹkì oxide ṣe oògùn fún ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ mọ́.

Oko adìẹ nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Táyà tí àwọn kan fi ń jó awọ màlúù di pọ̀nmọ́ ní síǹkì nínú, inú eérú rẹ̀ ló sì ń ṣẹ́kù sí. Òjé ń bẹ nínú bátìrì ọkọ̀ tó ti kú. Ní Ògìjo, nílẹ̀ Rẹ́mọ, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ti ń yọ́ irú bátìrì bẹ́ẹ̀, ìròyìn tó jáde ní 2025 fi hàn pé òjé ti wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará àdúgbò. Ìpalára tí òjé ń ṣe fún ọpọlọ ọmọdé ló kọ́kọ́ yẹ kó dun gbogbo wa. Àmọ́ ilẹ̀ tó gba òjé náà kún fún bakitéríà, àwọn náà sì ń wá ọ̀nà àtiyè.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Kárí ayé, àwọn olùṣèwádìí ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn mílíọ̀nù 1.27 ni àrùn tí kò gbọ́ oògùn pa ní 2019. Lọ́dọ̀ wa, ìkìlọ̀ tó wọ́pọ̀ ni pé ká má máa ra kápúsù lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri nínú ọkọ̀. Ìkìlọ̀ tó dára ni, kò kàn tó.

Bí wọ́n bá to ìgbẹ́ adìẹ jọ, tó jẹrà tó sì gbóná dáadáa kí wọ́n tó lò ó, ọ̀pọ̀ bakitéríà inú rẹ̀ a kú, oògùn inú rẹ̀ a sì dínkù. Síǹkì àti bàbà ò ní kúrò. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń po oúnjẹ adìẹ la ti lè dín wọn kù. Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, tó wà ní Alábàtà báyìí, ní onímọ̀ ilẹ̀, ó ní onímọ̀ ẹran ọ̀sìn. Ó yẹ kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn gbé owó kalẹ̀ fún wọn láti máa yẹ ilẹ̀ ọgbà ẹ̀fọ́ Abẹ́òkúta wò déédéé, kí àgbẹ̀ tó ń ra àpò ìgbẹ́ lè mọ ohun tó ń dà sórí ebè rẹ̀.