Ìdíje Àwọn Tó Ń Ta Lésà Fún Ilé Iṣẹ́ Ṣíìpù

Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Yàbá, nítòsí ọjà Tejúoṣó. Tí mo bá gbé boodù sábẹ́ máíkírósíkóòpù, tí mo fi atẹ́gùn gbígbóná yọ aísíì, ìyẹn ṣíìpù, tó ti jóná, ìba mílímítà mélòó kan tó wà lẹ́nu ẹ̀mú mi yẹn ni ẹ̀mí fóònù. Súìṣì kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ló kún inú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ lésà ni wọ́n fi ya wọ́n sára sílíkọ̀nì, àwọn tó sì ń ta irú lésà bẹ́ẹ̀ lágbàáyé kò pọ̀ rárá.

Ilé iṣẹ́ méjì ló ti ń figagbága tipẹ́: Cymer, tó bẹ̀rẹ̀ ní San Diego lọ́dún 1986, àti Gigaphoton ti Jàpáàn, tí Komatsu àti Ushio dá sílẹ̀ ní 2000. Gáàsì ni lésà wọn ń lò, neon ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí wàhálà Ukraine bẹ̀rẹ̀ ní 2014, owó neon fò sókè, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Cymer gbé ọgbọ́n tí yóò dín neon kù jáde, Gigaphoton náà gbé tirẹ̀ jáde. Àǹfààní ìdíje nìyẹn: oníbàárà ló jèrè rẹ̀. Ìwúlò ọgbọ́n yẹn tún hàn ní 2022, nígbà tí ogun dá iṣẹ́ neon dúró ní Mariupol àti Odesa.

Ní ti ṣíìpù tó lágbára jù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. ASML ti Nẹ́dálándì ra Cymer ní 2013, òun nìkan ló sì ń ṣe EUV, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya irú ṣíìpù bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ̀rọ náà, ẹ̀kán tin 50,000 ń ta jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lésà á kọ́kọ́ lu ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè fẹ̀, á tún un lù, tin á wá di iná tó ń tan ìmọ́lẹ̀ nánómítà 13.5. Tin yìí wà nínú lẹ́ẹ̀dì tí mo fi ń jó boodù.  Trumpf ti Jámánì ló ń ṣe lésà tó ń lu tin náà fún ASML. Gigaphoton gbìyànjú láti ṣe orísun EUV tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò rọ́wọ́ mú.

Mo kí ASML fún làálàá ọdún gbọọrọ. Síbẹ̀, ẹ̀rù ọjà ẹlẹ́nìkan ń bà mí. Nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń kó ẹ̀rọ lésà tí a fi ń yọ ẹ̀yìn iPhone wọ Múṣin, iye tó bá pè la máa ń san. Ìgbà tí àwọn mìíràn dé ni owó wálẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ wa bí a ṣe ń lò ó.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ní UNILAG àti YabaTech mọ áàpù í kọ, mo sì ń fi wọ́n yangàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á náwó sí yàrá ìwádìí físíìsì pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ìmọ́lẹ̀, gáàsì àti gíláàsì. Ọjà lésà ń fẹ́ olùdíje tuntun, ẹ̀kọ́ yìí ló sì ń bí wọn.