Ìdí Tó Ń Múni Gun Afárá

Àwọn awakọ̀ kan wà ní Èkó tí ọwọ́ wọn dá ṣáṣá nídìí ọkọ̀, àmọ́ tí wọn kì í gun afárá Third Mainland. Tí wọ́n bá ń lọ sí Erékùṣù, Ikorodu Road ni wọ́n máa gbà já sí Eko Bridge, bí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ọ̀nà náà tilẹ̀ gba ìdajì ọjọ́ lọ́wọ́ wọn. Afárá tí wọ́n ń sá fún gùn tó kìlómítà 11.8, láti 1990 ni ọkọ̀ sì ti ń gbà á já. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n á ní omi yẹn ti pọ̀ jù.

Wọn kì í ṣe ojo. Bí wọ́n bá ti ń sún mọ́ Òwòrò, níbi tí afárá náà ti bẹ̀rẹ̀, ọpọlọ á ké sí ara pé ewu dé, ádírẹ́nálínì á tú sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa lù kìkìkì, àtẹ́lẹwọ́ á sì làágùn lórí sítíárìn. Wọ́n á yà bàrà, ara á sì tù wọ́n. Ìtura yẹn gan-an ló ń bọ́ ẹ̀rù yó. Hobart Mowrer, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 1947: bí sísá bá ti mú ìtura wá, èèyàn á tún sá nígbà míì, kò sì ní rí àyè mọ̀ bóyá ewu kankan tilẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé iṣẹ́ kóríyá ni láti lé ẹ̀rù lọ. Kì í lé e. Ó kàn ń fúnni ní ìdí tó tó láti lọ pẹ̀lú ẹ̀rù lára ni. Ẹni tó ní kí àyà òun kọ́kọ́ balẹ̀ á pẹ́ ní Òwòrò, torí orí afárá ni àyà ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń balẹ̀.

Ìdí ọ̀hún gbọ́dọ̀ jẹ́ tẹni fúnra ẹni. Ká ní obìnrin kan ń ta aṣọ ní Kétu, tó ń lọ rajà ní ọjà Balógun ní Erékùṣù. Bí ọkọ rẹ̀ bá ní, “Ìyá Bísí, ṣé bẹ́ẹ̀ lo ṣe fẹ́ máa sá fún afárá ni?” ìtìjú ló fi kún ẹ̀rù rẹ̀. Àmọ́ bí òun fúnra rẹ̀ bá rí i pé kí òun tó dé, wọ́n ti ṣa àwọn àǹkárá tó dáa lọ, ìyẹn á ta á jí. “Mo fẹ́ ṣàṣeyọrí” ò lè gbé ẹnikẹ́ni gun afárá. Àǹkárá tó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì lè gbé e.

Kó wá gé ọ̀nà náà sí wẹ́wẹ́. Láàárọ̀ Sunday tí ọ̀nà dá, kó mú ẹni tó mọ ọkọ̀ wà dání, kó gùn ún ní Òwòrò, kó sọ̀ ní Adékúnlé. Kó máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí á fi sú u. Kó sú u gan-an la ń wá, a ò wá ìgboyà. Lẹ́yìn náà ló kan láti Adékúnlé dé Adéníji ní Erékùṣù.

Kó má sì sọ fún ara rẹ̀ pé kó farabalẹ̀. Nínú ìwádìí tí Alison Wood Brooks ti Harvard gbé jáde ní 2014, àwọn tó sọ fún ara wọn pé ara àwọn ti wà lọ́nà ṣe dáadáa nídìí orin àti ọ̀rọ̀ sísọ ju àwọn tó ń gbìyànjú láti farabalẹ̀ lọ. Ó bọ́gbọ́n mu: àyà tó ń lù nítorí ìdùnnú àti èyí tó ń lù nítorí ẹ̀rù fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra.

Ẹni tí òòyì máa ń kọ́ bí ìpayà bá dé ò gbọ́dọ̀ dán èyí wò nídìí ọkọ̀. Kó kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí àníyàn ò jẹ́ kó sùn, tí kò jẹ́ kó jẹun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n ń tọ́jú irú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà ní Yábà àti èyí tó wà ní Arò, l'Abẹ́òkúta.

Bí obìnrin wa bá ti dé Balógun, kó má jẹ́ kó pẹ́ kó tó tún gba ibẹ̀. Tí oṣù bá ti gorí oṣù láìgùn ún, ẹ̀rù lè padà wá. Kó kàn tún bẹ̀rẹ̀ láti Òwòrò sí Adékúnlé ni.