Eegun Ọmọdé Kì í Gbàgbé Oògùn

Ẹ sún mọ́ iná dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi, ọyẹ́ ti dé. Ẹ fi ti Ìjàpá sílẹ̀ lálẹ́ òní. Ohun ìyanu tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ, ojú mi sì rí nínú rẹ̀ nígbà tí mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ X-ray.

Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú eegun ẹlẹgẹ́. Ìyá á máa pààrọ̀ ìlédìí fún ọmọ, eegun itan á kán. Ọmọ á sín, eegun ìhà á kán. Ní ti ọ̀pọ̀ nínú wọn, ibi tó yẹ kó funfun nínú ẹyinjú máa ń ní àwọ̀ aró. Kò sẹ́ni tó ṣe wọ́n o. Purotéènì tó ń mú eegun lágbára ni ara wọn kò lè ṣe bó ti yẹ, láti inú oyún wá. Mo tẹnu mọ́ ọn torí mo ti gbọ́ tí wọ́n ń nàka sí ìyá àgbà nínú ilé, mo sì ti gbọ́ tí wọ́n fẹ̀sùn kan ìyá ọmọ pé ó ń lu ọmọ rẹ̀. Ó dùn mí wọra. Fún ọdún gbọọrọ, kò sí ohun tí dókítà lè ṣe ju pé kó fi POP di eegun tó kán, tàbí kó ki ọ̀pá irin bọ inú rẹ̀, kó sì máa retí èyí tó tún máa kán.

Dókítà kan tó ń jẹ́ Francis Glorieux ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Shriners ní Montreal, nílẹ̀ Kánádà. Òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mú oògùn kan tó ń jẹ́ pamidronate, wọ́n ń fi dírípù fà á sára àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Tó bá di oṣù 4 sí 6, wọ́n á tún fà á. Ní 1998, wọ́n gbé àbọ̀ iṣẹ́ wọn jáde lórí ọmọ 30, láti ẹni ọdún 3 títí dé ẹni ọdún 16. Eegun kò kán lemọ́lemọ́ mọ́. Ìrora fúyẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rìn dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí nìkan ti tó ìyanu, àmọ́ ẹ dúró ná.

Eegun ọmọdé kì í gùn láti àárín. Nítòsí ìpẹ̀kun rẹ̀ ni ibi tó ti ń gùn wà, ibẹ̀ rọ̀, ilà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹ máa rí lórí fọ́tò X-ray. Eegun rírọ̀ ń jáde níbẹ̀, káṣíọ̀mù á wọ inú rẹ̀, iṣẹ́ á wá bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń tún ilé kọ́: àwọn kan ń wó, àwọn kan ń mọ. Àwọn tó ń wó á jẹ eegun rírọ̀ náà, àwọn tó ń mọ á fi eegun gidi rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó ń wó yìí ni pamidronate ń dá lọ́wọ́ kọ́. Bí ọmọ bá gba dírípù, wọ́n á ká ọwọ́ gbera fúngbà díẹ̀, ohun tó yẹ kí wọ́n wó á ṣù jọ síbẹ̀, á le, á sì funfun lórí fọ́tò. Tí agbára oògùn bá rọlẹ̀, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́. Eegun ń gùn lọ, ó ń fi ilà funfun yẹn sẹ́yìn.

Orúnkún ọmọdé ni fọ́tò àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí mo gbé síwájú iná. Funfun, eérú, funfun, eérú, láti orúnkún lọ sókè sínú itan, àti láti orúnkún lọ sísàlẹ̀ sínú ojúgun. Ibi tí ìpẹ̀kun eegun bá ti tẹ̀, ilà náà á bá a tẹ̀. Àwọn dókítà fi ara kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà sọ ọ́ lórúkọ. Mo ka ilà, mo wo káàdì ọmọ. Iye ìgbà tó gba dírípù ni iye ilà, kò lé, kò dín. Ẹnu mi kò padé.

Àṣàkẹ́ ní ṣé àlàfo àárín wọn dọ́gba. O ṣeun, ọmọ mi. Kò dọ́gba. Àlàfo tó wà láàárín ilà méjì ni bí eegun ṣe gùn tó láàárín dírípù méjì. Bí ọmọ bá ń yára ga, á fẹ̀. Bí kò bá ga tó bẹ́ẹ̀, á há. Ìsàlẹ̀ eegun itan, lókè orúnkún níbí, ló ń ṣe iṣẹ́ jù: nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 gígùn eegun itan ló ń ti ibẹ̀ wá, ìdí nìyẹn tí ilà ibẹ̀ fi ń jìnnà síra. Ẹ wá wo òkè itan ọmọ kan náà lẹ́bàá ìbàdí: ilà á fún mọ́ra wọn, bẹ́ẹ̀ oògùn kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni. Nínú eegun ẹ̀yìn, ẹ lè rí eegun kékeré tó hàn nínú eegun ńlá. Bí eegun yẹn ṣe tóbi mọ lọ́jọ́ tí oògùn wọlé nìyẹn, ó wà níbẹ̀ ketekete.

Kì í ṣe gbogbo ilà funfun ló jẹ́ ti oògùn o. Òjé náà máa ń fa ilà funfun síbi tí eegun ti ń gùn, ẹ sì rántí Zamfara ní 2010, níbi tí òjé inú òkúta góòlù ti pa ọmọ rẹpẹtẹ. Ẹni tó ń ka fọ́tò gbọ́dọ̀ mọ oògùn tí ọmọ ti lò. Inú máa ń bí mi tí fọ́ọ̀mù bá dé ọ̀dọ̀ wa, tí wọn ò kọ nǹkan kan síbi tó yẹ kí wọ́n kọ oògùn sí.

Ṣé ilà náà máa ń lọ? Ó máa ń lọ. Bí ọmọ ṣe ń ga, ilà ń jìnnà sí ìpẹ̀kun eegun, ara á máa tún ibẹ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní hàn mọ́. Oògùn fúnra rẹ̀ ni kì í tètè kúrò. Àwọn olùwádìí ròyìn ní 2007 pé àwọn rí pamidronate nínú ìtọ̀ àwọn tó gbà á lọ́mọdé, kódà nígbà tó ti tó ọdún 8 tí wọ́n ti dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń ronú nípa àwọn ọmọbìnrin tó gbà á, torí wọ́n ṣì máa lóyún lọ́jọ́ iwájú. Kì í ṣe pamidronate nìkan ló ń pẹ́ nínú eegun: ẹ gbọ́ ti àwọn ará Nubia ní Sudan àtijọ́. Ní 1980, George Armelagos àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé eegun àwọn tó ti kú láti ohun tó lé ní 1,400 ọdún ń tàn yòò lábẹ́ iná àkànṣe kan. Tetracycline ni, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn! Ọtí ọkà tí wọ́n ń mu ni wọ́n gbà pé ó ti wá.

Èyí tó kù yìí kò dùn, síbẹ̀ mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Ní 2003, Michael Whyte àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ròyìn ọmọkùnrin ẹni ọdún 12 kan. Kò ní àìsàn eegun ẹlẹgẹ́, àmọ́ wọ́n ti fún un ní pamidronate ju bó ti yẹ lọ, fún ìgbà pípẹ́. Nínú fọ́tò rẹ̀, eegun funfun ju bó ti yẹ lọ. Ìsàlẹ̀ itan tó yẹ kó máa tín-ín-rín bó ti ń lọ sókè gbòòrò, kò rí ẹni wó ohun tó yẹ kí wọ́n wó. Ó le, síbẹ̀ kò lágbára. Nígbà tí wọ́n tún ròyìn rẹ̀ ní 2008, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dá oògùn náà dúró, eegun rẹ̀ ṣì tún kán. Nítorí náà ni wọ́n fi ń fi ìwọ̀n ara ọmọ ṣírò oògùn yìí, tí wọ́n ń yẹ bí eegun ṣe ki tó wò bí ọdún ti ń yí, tí eegun bá sì ti ki tó, wọ́n á dín in kù.