Kí A Tó Yí Ohun Kan Padà

Ẹni tí ó bá ń ti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ yóò gba orí afárá Itoikin kọjá. Ká ní àwọn aláṣẹ fẹ́ ti afárá náà pa fún àtúnṣe, tí wọ́n sì fẹ́ mọ àwọn tí ó gbára lé e. Afárá kò lẹ́nu tí yóò fi dá wọn lóhùn. Ẹni tí ó dúró sórí rẹ̀ pàápàá yóò rí ọkọ̀ tí ń kọjá, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ pé ẹja inú ọkọ̀ kan ni wọn yóò fi ṣe àlejò níbi ìgbéyàwó ní Ìkòròdú, tàbí pé olùkọ́ tí ó wà nínú òmíràn ni àwọn ọmọ kan ń retí ní Ẹ̀pẹ́. Bí ó bá fẹ́ mọ̀, àfi kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó tọ ọ̀nà náà lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ó sì máa béèrè.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rí. Àṣẹ tí ènìyàn kọ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà láti máa tẹ̀ lé ni à ń pè ní kóòdù. Àwọn tí ń kọ ọ́ a máa pín in sí abala kéékèèké, wọn a sì sọ abala kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Nígbà tí abala kan bá ń fẹ́ iṣẹ́ tí òmíràn mọ̀ ọ́n ṣe, yóò pè é ní orúkọ, èyíinì yóò sì jẹ́ ẹ. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ń pe ènìyàn ni ó mọ ẹni tí òun ń pè. Ẹni tí a ń pè lè má mọ ẹni tí ń pe òun. Bí ẹ bá ka abala kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí gbogbo ohun tí òun gbára lé, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí ẹyọ kan nínú àwọn tí ó gbára lé e.

Ẹ jẹ́ kí a ro ti ilé-ìwé kan tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣètò èsì ìdánwò. Abala kékeré kan ń fi òdo síwájú nọ́ńbà àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí 7 lè di 007, kí 12 sì di 012. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tọ́jú ètò náà rò pé òdo wọ̀nyí kò wúlò. Ó yọ abala náà kúrò kí ìwé tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ pátákó lè dùn ún wò. Ìwé náà dùn ún wò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n abala mìíràn wà tí ń fi nọ́ńbà kan náà wá máàkì olúkúlùkù: 007 ni ó ń wá, 7 ni ó bá, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà kò ṣe ìdánwò. Ohunkóhun kò ṣe àwọn tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 100 sókè, nítorí náà àṣìṣe náà kò tètè hàn. Ọmọbìnrin tí ó fi òru kàwé ni ó dé iwájú pátákó tí kò bá máàkì kankan níwájú orúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò ní èrò ibi lọ́kàn. Kò wádìí ni.

Ohun tí ó fara jọ èyí ti ṣẹlẹ̀ rí ní ojú gbogbo ayé. Ilé ìṣúra kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń jẹ́ npm, níbi tí àwọn tí ń kọ kóòdù ti ń kó iṣẹ́ wọn sí kí ẹlòmíràn lè lò ó. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, ìjà orúkọ dé láàárín ọ̀gbẹ́ni Azer Koçulu àti ilé-iṣẹ́ kan. Nígbà tí npm gbè sẹ́yìn ilé-iṣẹ́ náà, Koçulu kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Wọ́n lé ní 250. Ọ̀kan nínú wọn ni left-pad, tí kò ju ìlà 11 lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó fi òdo tàbí àlàfo síwájú ọ̀rọ̀ tàbí nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ ńlá bí Babel gbára lé e láti ẹ̀yìn irinṣẹ́ mìíràn, àìmọye ènìyàn sì gbára lé Babel. Lọ́gán ni iṣẹ́ dúró mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́, púpọ̀ nínú wọn kò sì gbọ́ orúkọ left-pad rí. Ó tó nǹkan bí wákàtí méjì kí wọ́n tó dá a padà. Lẹ́yìn èyí ni npm ṣe òfin tuntun, kí ẹnikẹ́ni má baà lè ṣàdédé yọ ohun tí ẹlòmíràn gbára lé.

Báwo ni a ṣe ń wádìí? Lákọ̀ọ́kọ́, kí a wá orúkọ abala náà nínú gbogbo kóòdù, kì í ṣe nínú ojú ìwé tí ó wà níwájú wa nìkan. Lẹ́ẹ̀kejì, kí a tún wá àwọn tí ó gbára lé àwọn tí a rí, nítorí pé ẹrù a máa ní agbàrù, agbàrù náà a sì máa ní ẹni tí ń retí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí a bi àwọn ènìyàn léèrè: ìwé tí akọ̀wé ń tẹ̀ àti àkọsílẹ̀ tí a ń fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì mìíràn lè gbára lé abala náà, kí orúkọ rẹ̀ má sì sí nínú kóòdù wọn. Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí a dán gbogbo ètò wò lẹ́yìn àyípadà, àti 7 àti 107. Bí àwọn ará ìta bá wà lára àwọn tí ó gbára lé e, kí a fi ti àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun fún ìgbà díẹ̀, kí a sì kìlọ̀ fún wọn ṣáájú.

N kò wí pé kí a má yí nǹkan padà o. Afárá tí a kò bá tún ṣe yóò wó lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí a fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí a bá fi iṣẹ́ kan lé yín lọ́wọ́, tí ẹ sì rí ohun kékeré kan tí ó dà bí ẹni pé kò wúlò, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó fẹ̀yìn tì í. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.