Àṣeyọrí Ọdún Kan Nílé Ẹ̀kọ́ Sẹ́kọ́ńdírì Kékeré

Ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì kékeré, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí JSS, ni ọmọ ń wọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló ń lò níbẹ̀, láti JSS 1 dé JSS 3, kí ó tó bọ́ sí ìpele àgbà. Ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 tó gbérasọ ní Nàìjíríà lọ́dún 1982 ló pín ilé ẹ̀kọ́ gírámà àtijọ́ sí kékeré àti àgbà. Nígbà tó di ọdún 2004, òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, so ọdún mẹ́ta yìí pọ̀ mọ́ mẹ́fà ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì sọ ọdún mẹ́sẹ̀ẹ̀sán di ọ̀fẹ́ àti dandan fún gbogbo ọmọ. Ìpínlẹ̀ Èkó tilẹ̀ ya ìpele méjèèjì sọ́tọ̀, tó fi jẹ́ pé ọgbà kan náà lè ní ọ̀gá àgbà méjì, ọ̀kan fún kékeré, ọ̀kan fún àgbà.

Ilé ẹ̀kọ́ kékeré ti wá ní iṣẹ́ tirẹ̀ báyìí, ó sì yẹ kó ní àkọsílẹ̀ àṣeyọrí tirẹ̀ lọ́dọọdún. Àṣeyọrí náà pín sí ọ̀nà méjì, ti akẹ́kọ̀ọ́ àti ti òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò lè dá dúró láìsí ìkejì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọdún kan ṣe rí nílé ẹ̀kọ́ yóò wo kíláàsì, ìdánwò àṣejáde, ìdíje, pápá eré àti iṣẹ́ àwọn olùkọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò wá wo bí wọ́n ṣe ṣàkọsílẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Nínú kíláàsì

Oṣù Kẹsàn-án ni ọdún ẹ̀kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀, oṣù Keje ló sì máa ń parí, lẹ́yìn sáà mẹ́ta. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, 100 ni máàkì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní sáà kan. Iṣẹ́ àmúrelé àti àwọn ìdánwò kéékèèké ló ni 40 níbẹ̀, ìdánwò ìparí sáà ló sì ni 60. Ọmọ tó bá gba 27 nínú 40 àti 38 nínú 60 yóò rí 65 ní iwájú iṣẹ́ náà nínú ìwé èsì rẹ̀. Bí sáà kẹta bá parí, olùkọ́ kíláàsì yóò ro èsì sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, yóò pín in sí mẹ́ta, ibẹ̀ ni ipò ọmọ fún ọdún náà ti máa ń jáde.

Ìṣirò yìí rọrùn, ṣùgbọ́n ó lè bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ká ní ọmọ kan gba 55, 53 àti 54 nínú ìṣirò ní sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 54 ni yóò ní fún ọdún náà. Ká ní ọmọ kejì gba 41, lẹ́yìn náà 52, lẹ́yìn náà 66, 53 ni tirẹ̀. Bí a bá wo ipò nìkan, ọmọ àkọ́kọ́ ló ṣáájú. Àmọ́ ojú kan ni ọmọ àkọ́kọ́ wà látìbẹ̀rẹ̀ ọdún, nígbà tí ìkejì ti fi máàkì 25 gòkè. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ yóò kọ orúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀: ẹni tó gba máàkì jù, àti ẹni tó tẹ̀ síwájú jù. Ẹ̀bùn kejì yìí ṣe pàtàkì gan-an ní JSS 1, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọmọ ti wá kò dọ́gba. Ọmọ tó wá láti ibi tí olùkọ́ kan ti ń kọ́ kíláàsì méjì pọ̀ kò lè bá ẹni tó ní olùkọ́ tó péye láti kékeré dọ́gba ní sáà kìn-ín-ní. Ibi tó dé lópin ọdún ló ń fi bó ṣe tẹpá mọ́ṣẹ́ hàn.

Ìdánwò àṣejáde

Ní òpin JSS 3 ni ìdánwò BECE, èyí tí wọ́n ń pè ní JSCE tẹ́lẹ̀, tí ọ̀pọ̀ òbí ṣì ń pè ní Junior WAEC. Àjọ NECO ló ń ṣe é fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe é fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà níbẹ̀, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ìpìlẹ̀, ẹ̀kọ́ ìṣòwò àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn náà wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ Yorùbá kì í gbẹ́yìn. Èsì rẹ̀ ni wọ́n ń wò láti mọ ẹni tó yẹ fún SS 1, ìyẹn kíláàsì àkọ́kọ́ ní ìpele àgbà, ẹ̀ka tó yẹ kó lọ, tàbí bóyá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni yóò ti wúlò jù.

Èsì BECE ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ máa ń kọ́kọ́ kà létí àwọn òbí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó ní bí a ṣe ń kà á. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ní gbogbo ọmọ 40 tí òun forúkọ wọn sílẹ̀ ló yege, tí òmíràn sì ní 180 ló yege nínú 200, ó lè dà bíi pé ti àkọ́kọ́ dára jù. Ẹni tó bá bèèrè iye ọmọ tó wọ JSS 1 lọ́dún mẹ́ta ṣáájú lè rí i pé ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ti ní kí àwọn tí kò mọ̀wé tó máa lọ, nígbà tí ìkejì fara balẹ̀ kọ́ gbogbo ọmọ tó gbà wọlé. Iye tó wọlé, iye tó jókòó ṣèdánwò àti iye tó yege ló yẹ kó jọ wà nínú ìròyìn ọdún.

Èsì tí wọ́n fi màgòmágó gbà kò sì sí lára àṣeyọrí rárá. Láti ọdún 1999 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti sọ ìwà ìbàjẹ́ nínú ìdánwò di ẹ̀ṣẹ̀ tí ilé ẹjọ́ lè fìyà rẹ̀ jẹni. Ìjìyà tó sún mọ́lé jù ni pé ọmọ tí wọ́n bá kọ ìdáhùn fún ní JSS 3 yóò dé SS 1, iṣẹ́ ibẹ̀ yóò sì ga ju agbára rẹ̀ lọ.

Ìdíje

Ìdíje ni ilé ẹ̀kọ́ fi ń mọ bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe tó láàárín ẹgbẹ́ wọn. Ní Èkó, èyí tó lókìkí jù ni ìdíje sípẹ́lì tí àjọ New Era Foundation ti Olúrẹ̀mí Tinúbú dá sílẹ̀ lọ́dún 2001 fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ẹni tó bá borí níbẹ̀ a máa di Gómìnà Ọlọ́jọ́ Kan. Yóò jókòó sórí àga gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó fún ọjọ́ kan, àwọn tó tẹ̀lé e yóò sì wà nípò igbákejì àti ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò wọ ọ́fíìsì gómìnà rí lè ti ibi sípẹ́lì débẹ̀.

Ti ìṣirò ni Cowbellpedia, ìdíje tí iléeṣẹ́ Promasidor bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1998, tó sì wá di ètò orí tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn ọ̀rẹyìn. Ó ní ìpele kékeré àti ìpele àgbà, nítorí náà ọmọ JSS kì í bá ọmọ SS 3 figagbága. Ohun kan tó dára nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀bùn wà fún olùkọ́ tó kọ́ ọmọ tó borí, nítorí kò sí ọmọ tó dá nìkan gun orí pèpéle.

Nínú ọgbà fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ JETS máa ń fi iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn ṣe hàn. Àríyànjiyàn wà, ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn wà, ọjọ́ àṣà náà sì wà, níbi tí ọmọ ti ń kéwì, tí òmíràn ń sun rárà tàbí ó ń ki oríkì ìlú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí orúkọ wọn kì í jáde nígbà tí wọ́n bá ń ka ipò kíláàsì ló jẹ́ pé ibí yìí ni ẹ̀bùn wọn ti ń hàn.

Pápá eré

Sáà kejì ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ máa ń ṣe ìdíje eré ìdárayá láàárín àwọn ilé, nígbà tí òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa. Wọ́n á pín àwọn ọmọ sí ilé mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀, pupa, búlúù, àwọ̀ ewé tàbí yẹ́lò. Orúkọ olùdásílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti ènìyàn ńlá kan ni ilé máa ń jẹ́. Wọ́n á yan bí ológun, wọ́n á sáré, wọ́n á fo sókè, wọ́n á fa okùn. Eré tí gbogbo ènìyàn máa ń dìde dúró wò ni ti ẹlẹ́ni mẹ́rin, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sá 100 mítà, tó sì ń gbé ọ̀pá lé èkejì rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ọ̀pá bá bọ́, ẹsẹ̀ yíyá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò já mọ́ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ eré fi máa ń lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí gbígba ọ̀pá nìkan.

Ẹni tó bá fojú tín-ín-rín eré ilé ẹ̀kọ́ kò mọ ibi tó ń gbéni dé. St. Finbarr's College ní Akọ́kà, Èkó, ni Stephen Keshi ti gbá bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́. Òun ni balógun Super Eagles nígbà tí wọ́n gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1994, òun náà ló sì kó wọn lọ gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́dún 2013.

Iṣẹ́ àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ yòókù

Ìwé ẹ̀rí NCE ni ìjọba gbé kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó kéré jù fún olùkọ́. Àjọ TRCN, tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀, ló sì ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀. Lọ́dọọdún, àwọn olùkọ́ kan a máa lo ọlidé gígùn láti lọ kàwé sí i ní ètò sandwich. Àwọn tó kàwé gboyè láìkọ́ iṣẹ́ olùkọ́ a sì lọ gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní PGDE. Nígbà tí àwọn ọmọ ń sinmi nílé, orí ìwé ni olùkọ́ wọn wà. Ìwé ẹ̀rí tuntun, ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, olùkọ́ tí kò pa iṣẹ́ jẹ láti oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Keje, olùkọ́ tí èsì iṣẹ́ rẹ̀ gbéra sókè: gbogbo ìwọ̀nyí ni àṣeyọrí tó yẹ kó wọ ìròyìn ọdún.

Láti ọdún 1994 ni ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹwàá ti jẹ́ Ọjọ́ Àwọn Olùkọ́ Lágbàáyé, ọjọ́ náà sì ni ìjọba àpapọ̀ máa ń fi àmì ẹ̀yẹ dá olùkọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ tó ta yọ lọ́lá. Iléeṣẹ́ Nigerian Breweries náà bẹ̀rẹ̀ ìdíje Maltina Teacher of the Year fún olùkọ́ sẹ́kọ́ńdírì lọ́dún 2015. Rose Nkemdilim Obi láti ìpínlẹ̀ Anambra ló kọ́kọ́ gbà á. Owó wà fún ẹni tó borí, wọ́n sì tún ń kọ́ kíláàsì fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Lọ́dún 2022, òfin tuntun sún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ síwájú sí ọdún 65, ó sì sọ iye ọdún tí wọ́n lè lò lẹ́nu iṣẹ́ di 40.

Àwọn tí kì í wọ kíláàsì kọ́ni náà ní ipa tiwọn. Akọ̀wé ló ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, aṣọ́gbà ló ń ṣí géètì kí ilẹ̀ tó mọ́, akápò ló ń ṣọ́ owó, àwọn oníṣẹ́ ìmọ́tótó ni kò jẹ́ kí àìsàn wọ inú ọgbà. Ìròyìn ọdún tí kò bá dárúkọ wọn kò tíì pé.

Ọjọ́ ẹ̀bùn àti ìwé àkọsílẹ̀

Òpin sáà kẹta ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ máa ń ṣe ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn. Ọ̀gá àgbà yóò ka ìròyìn ọdún, alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ yóò sọ̀rọ̀, àlejò pàtàkì yóò bọ àwọn ọmọ lọ́wọ́, yóò sì fún wọn ní ẹ̀bùn. Ìwé kíkà, dikiṣọ́nárì, ìwé àjákọ àti báàgì ló wọ́pọ̀ nínú ẹ̀bùn náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde àtijọ́ ló sì sábà máa ń dáwó rẹ̀. Yàtọ̀ sí ẹ̀bùn ìwé, ẹ̀bùn wà fún ọmọ tó mọ́ tónítóní jù, èyí tí kì í pẹ́ dé, àti èyí tó jẹ́ ọmọlúàbí jù. Yinniyinni, kẹ́ni ó ṣe òmíràn: ọmọ tí wọ́n yìn lójú òbí àti ojúgbà rẹ̀ kì í fẹ́ kí orúkọ òun sọnù nínú ìwé ọdún tó ń bọ̀.

Àmọ́ ìlù yóò dákẹ́, àlejò yóò sì lọ. Ohun tó ń kù ni àkọsílẹ̀. Lára ìwé tó jẹ́ dandan fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ni lọ́ọ̀gùbúùkù, tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà, tó sì ń gba gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ pàtàkì: ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, olùkọ́ tó dé àti èyí tó lọ, ife tí wọ́n gbà, kíláàsì tí wọ́n kọ́, àbẹ̀wò àwọn aláyẹ̀wò. Rẹ́jísítà ìgbàwọlé àti ti ìpéjọ náà wà, tí a fi ń mọ iye ọmọ tó wọlé àti bí wọ́n ṣe ń wá sílé ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá kọ ìwọ̀nyí dáadáa, ọ̀gá àgbà tuntun lè fi ọdún kan wé òmíràn láìbi ẹnikẹ́ni léèrè: ṣé àwọn tó yege pọ̀ sí i, ṣé àwọn ọmọbìnrin tó wọ JSS 1 ló dé JSS 3, iṣẹ́ wo ni kò ní olùkọ́. Àwọn ìdáhùn náà ló sì yẹ kó pinnu ohun tí ilé ẹ̀kọ́ yóò dáwọ́ lé nígbà tí oṣù Kẹsàn-án bá tún dé.