Ẹ Má Ṣe Fi Okùn Ìwọ̀ Sílẹ̀ Nínú Odò Mọ́

Ẹ̀yin ará wa ní ìlú Makurdi, lọ́kùnrin lóbìnrin, inú wa dùn pé ìròyìn ìkómọ àti ti ìgbéyàwó ló máa ń pọ̀ jù nínú ìwé ìròyìn wa yìí. Ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀ kí ìròyìn ọ̀fọ̀ dàpọ̀ mọ́ wọn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àwọn ọmọ wa lọ wẹ̀ létí odò Bẹ́núé, nísàlẹ̀ afárá rélùwéè tí wọ́n ṣí ní 1932. Omi ti fà, yanrìn ti yọ, kò sí ẹni tó bẹ̀rù. Lójijì ni ọmọ ọdún 9 kan, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ará Ẹgbẹ́ wa, kígbe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì rì. Okùn ìwọ̀ ti lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ìdí okùn náà sì há sábẹ́ igi kan nínú omi. Apẹja Jukun kan tó wà nítòsí ló bẹ́ sódò tó fi ọ̀bẹ gé e.

Nígbà tí a lọ dúpẹ́, bàbá náà kó okùn tó gé lé wa lọ́wọ́. Ó fi èdè Hausa sọ fún wa pé èyí kì í ṣe ti àwọn apẹja, nítorí apẹja kì í fi okùn rẹ̀ ṣòfò. Ó ní àwọn tó ń wá fi ìwọ̀ ṣeré ní Sátidé ni wọ́n ń já a sílẹ̀. Ojú tì wá, nítorí àwa náà wà lára wọn.

Láyé àwọn bàbá wa, okùn òwú ni wọ́n fi ń pẹja. Bí ó bá já sódò, kì í pẹ́ jẹrà. Ní 1938 ni ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà kéde náílọ́ọ̀nù fún aráyé. Ó fẹ́ẹ́rẹ́, ó yi, ojú kì í sì í tètè rí i nínú omi. Ohun tó mú un dára fún ìpẹja náà ló mú un burú nígbà tí a bá sọ ọ́ nù. Ìṣirò àwọn onímọ̀ ni pé ó lè lo nǹkan bí 600 ọdún nínú omi kí ó tó tán. Ẹyẹ a fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ, ebi a sì pa á. Ẹja a kú sínú àwọ̀n tó ti sọnù, láìsí ẹni tí yóò kó o jẹ. Okùn náà a tún lọ́ mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi.

Àwa tí a ń kọ ìwé ẹrù ní rélùwéè mọ̀ pé ẹrù tó bá ti gbéra, ibì kan ni yóò gúnlẹ̀ sí. Èyí tí a sọ sínú Bẹ́núé níhìn-ín lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Lokoja, níbi tí Bẹ́núé ti pàdé odò Ọya, kí ó sì gba ibẹ̀ lọ sí òkun.

Kí ni kí a ṣe? Kò ní ná wa ní nǹkan kan. Ẹni tó bá ń lọ pẹja, kí ó mú agolo onídérí dání. Okùn tó bá já, kí ó ká a sínú rẹ̀, àti ìwọ̀ pẹ̀lú. Nílé, kí ó fi àlùmọ́gàjí gé e sí wẹ́wẹ́ kí ó tó dà á nù, kí ó má baà de ẹyẹ tàbí ewúrẹ́ lórí ààtàn. Ẹ má ṣe sun ún, èéfín rẹ̀ kò dára. Ọmọ tó bá rí okùn létí odò, kí ó pe àgbà. Kí ó má fà á, ìwọ̀ lè wà nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, gbogbo wa yóò jùmọ̀ lọ ṣa èyí tó wà lábẹ́ afárá.

Ará ìlú yìí gbà wá, wọ́n fún wa lómi mu. Kò yẹ kí a ba omi wọn jẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ọmọ náà ti padà sí ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n àpá okùn ṣì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí Olódùmarè má ṣe jẹ́ kí a sunkún ọmọ. Àmín.