Kókó Olómi Inú Obìnrin, àti Ìrètí Ọmọ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1809, a ránṣẹ́ pe oníṣègùn kan, Ephraim McDowell, ará ìlú Danville ní Kentucky ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pé kí ó wá wo obìnrin kan tí ń jẹ́ Jane Todd Crawford. Ikùn obìnrin náà ti tóbi rékọjá, ìrora sì ń mú un bí ẹni tí ń rọbí. Gbogbo ènìyàn rò pé oyún ni. Nígbà tí McDowell yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ilé ọmọ ṣófo. Kókó ńlá ni ó wú ní ilé ẹyin rẹ̀. Kò fi òtítọ́ pamọ́ fún un. Ó sọ ewu iṣẹ́ náà fún un gbangba, ó sì wí pé bí ó bá lè wá sí Danville, òun yóò dán an wò. Obìnrin náà gun ẹṣin, ó sì rin ìrìn 60 máìlì nígbà òtútù.

Kò sí oògùn tí ń mú ni sùn nígbà náà. Ọdún 1846 ni a tó fi irú rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ní gbangba ní ìlú Boston. A tẹ́ ẹ sórí tábìlì, a la ikùn rẹ̀, ìfun rẹ̀ sì tú jáde. Ìtàn tí a ń sọ títí di òní ni pé Orin Dáfídì ni ó ń kà bí ọ̀bẹ ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Ìṣẹ́jú 25 ni iṣẹ́ náà gbà; ìwọ̀n ohun tí a yọ sì lé ní pọ́n-ùn 22. Ní ọjọ́ karùn-ún McDowell bá a tí ó ń tẹ́ ibùsùn ara rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 25 ó padà sí ilé, ó sì wà láàyè títí di ọdún 1842.

Obìnrin yìí ti bímọ tẹ́lẹ̀, ó sì ti lé ní ogójì ọdún. Ẹ̀mí ni ó ń wá. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí ọ̀ràn yìí kàn lónìí ń wá ẹ̀mí àti ọmọ pọ̀.

Kí a má ṣe pe kókó yìí ní ìjù. Ara ilé ọmọ ni ìjù ti ń hù. Ilé ẹyin méjì ni obìnrin ní, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Lóṣooṣù àpò omi kékeré a máa wú níbẹ̀, a sì bẹ́ láti tú ẹyin sílẹ̀. Nígbà mìíràn kì í bẹ́, tàbí kí ó padé lẹ́yìn tí ó bẹ́, omi a sì kún inú rẹ̀. Púpọ̀ nínú irú èyí a máa lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, láìsí ọ̀bẹ, láìsí àgbo. (Ibẹ̀ ni alágbo ti ń gba ìyìn tí kì í ṣe tirẹ̀.) Èyí tí ó tóbi, tí kò lọ, tàbí tí ó mú ìfura wá, ni a ń gé. Bí kókó bá sì lọ́ ilé ẹyin pọ̀, ìrora líle a dé lójijì pẹ̀lú èébì: ní ọjọ́ náà gan-an ni kí a gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn.

Lónìí aláìsàn a máa sùn nígbà iṣẹ́ náà, a sì lè gba ihò kéékèèké ṣe é. Bí ó bá ṣeé ṣe, kókó nìkan ni dókítà ń yọ, a sì fi ilé ẹyin sílẹ̀. Kí aláìsàn dìde kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá la ikùn, kí ó má ru omi, kí ó má gún iyán, kí ó má ṣẹ́gi fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èyí kan ọkọ àti ìyá ọkọ jù ú lọ. Ibà, ojú ọgbẹ́ tí ń ṣọyún, tàbí ẹsẹ̀ kan tí ó wú, kì í ṣe ohun tí a ń fojú fò.

Ní ti ọmọ, ẹni tí ilé ẹyin rẹ̀ kù ọ̀kan ṣì lè lóyún. Nǹkan oṣù rẹ̀ a sì máa wá. Irú kókó kan wà tí ògbólógbòó ẹ̀jẹ̀ dúdú kún inú rẹ̀. Gígé e lè dín ẹyin kù, nítorí náà kí obìnrin sọ fún dókítà kí a tó gé e pé òun ṣì fẹ́ bímọ. Dókítà ni yóò sọ ìgbà tí ó tó láti tún gbìyànjú. Bí ọdún kan bá kọjá láìsí oyún, tàbí oṣù mẹ́fà fún ẹni tí ó ti tó ọdún 35, kí tọkọtaya padà lọ pọ̀, kí a sì yẹ ọkọ wò pẹ̀lú, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìdíwọ́ náà ń gbé lọ́pọ̀ ìgbà.